Cola kì í ṣe "kó ọlà": lórí orúkọ ìwé tí obì ń jẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Iléṣà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Nígbà tó sì jẹ́ pé obì gan-an la ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ọfà jókòó sínú apó rẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sídìí ọ̀rọ̀ yìí: àkójọ orúkọ ewéko la ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ ewéko. A dé orí obì, ni iṣẹ́ bá dúró. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ilé-Ifẹ̀ kọ̀wé pé Cola, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pe obì káàkiri ayé, Yorùbá pọ́ńbélé ni. Wọ́n ní "kó ọlà" ni, torí pé òwò obì ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ọlọ́là, òyìnbó sì gbọ́ ọ lẹ́nu wa, ó kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbé e. Àbúrò kan gbà á lẹ́nu wọn pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, ká kúkú túmọ̀ èyí tó kù: kí Cola acuminata, ìyẹn obì àbàtà, máa jẹ́ "Kọ́là Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó", kí Cola nitida, ìyẹn gbàǹja, máa jẹ́ "Kọ́là Adán". Ẹnì kẹta ní kò sóhun tí a ń túmọ̀, pé ká kàn fi àmì ohùn sórí Látìnì náà, ká máa kọ ọ́ ní "Kólà Akumináta". Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Onílé obì sì ni wọ́n ń ki àwa Ìjẹ̀ṣà, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti "kó ọlà" ṣáájú, torí òun ló dùn jù. Ó dùn létí, ó sì bá ìṣe wa mu. Yorùbá kì í mú obì lọ́wọ́ kó má fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìwúre: "Obì ní í bi ikú, obì ní í bi àrùn." Bó bá kan orógbó, a ní orógbó ní í gbó ni sáyé. Gbogbo wa là ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wúre báyìí, ire ló ń fi ìró ọ̀rọ̀ pè. Kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ èdè pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n wa bá fẹ́ máa fi "kó ọlà" wúre níbi ìgbéyàwó, màá na ọwọ́ gba obì náà, màá sì jẹ ẹ́. Inú ìwé tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa fi ṣe ìdánwò ni mi ò fẹ́ kó dé.

Ìdí àkọ́kọ́ kò le rárá. Ta ló ń pe obì ní kọ́là nínú wa? Bí mo bá dé ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà níbí, tí mo ní kí ìyá olóbì ta kọ́là fún mi, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹlẹ́rìndòdò ló máa júwe. Obì la ń pè é. Àwọn Ìgbò ń pè é ní ọjị. Àwọn Haúsá tí wọ́n ń rà á jù wá lọ ń pè é ní goro. Báwo ni òyìnbó ṣe máa gbọ́ lẹ́nu Yorùbá orúkọ tí Yorùbá kò fi pe nǹkan náà?

Ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ jìnnà sí wa. Lápá Sierra Leone, kola ni àwọn Temne ń pè é. Àwọn Mandinka ní kolo. Ìwọ̀-oòrùn yẹn, láti Sierra Leone títí dé Gánà, gan-an ni igbó tí gbàǹja ti ń hù fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbìn ín. Àwọn Pọtogí tó ń ná ọjà etíkun náà ti ń kọ "cola" sílẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn ará Yúróòpù yòókù sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Orúkọ náà ti gbó nínú ìwé òyìnbó kí àwọn onímọ̀ ewéko tó mú un. Ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò Amẹ́ríkà tó so Coca pọ̀ mọ́ Cola ní 1886, ẹ̀yìn gbogbo wọn ló dé.

Bí ẹ bá tún fẹ́ ẹ̀rí láti inú gírámà, ó wà. "Kó ọlá wọlé" di Kọ́láwọlé, "kó ọlá dé" di Kọ́ládé: "o" ló ń kú, "ọ" ló ń jókòó. "Kó ọlà" kò lè di ohun mìíràn ju "kọ́là" lọ. Mi ò gbára lé ìyẹn púpọ̀, torí etí òyìnbó kò ya "o" sọ́tọ̀ kúrò lára "ọ". Ti ìyá olóbì yẹn tó mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ti dùn gan-an ni ìrìn àjò rẹ̀, mo sì rò pé kí ẹnikẹ́ni tó dá àbá ìtumọ̀, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ní 1786, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Palisot de Beauvois gúnlẹ̀ sí Oware, ìyẹn Warri òde òní, ó sì dé Benin. Títí di 1788 ló fi ń já ewé, tó ń ká òdòdó, tó ń já èso káàkiri ibẹ̀. Láti nǹkan bí 1804 ni ìwé ńlá tó kọ lórí ewéko Oware àti Benin ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Inú ìwé yẹn ni obì àbàtà ti gba orúkọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Orúkọ náà kò ní Cola nínú. Sterculia acuminata ló sọ ọ́.

Ta ni Sterculia? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Sterculius ni òrìṣà ajílẹ̀ láàárín àwọn ará Róòmù àtijọ́, òrìṣà ìgbẹ́ ẹran tí wọ́n ń dà sóko kí ohun ọ̀gbìn lè ta. Linnaeus, ará Sweden tó fi ìlànà orúkọ méjì-méjì lélẹ̀ fún ewéko ní 1753, ló mú orúkọ òrìṣà náà fún àwọn igi kan tí òdòdó wọn ń rùn. Èyí tí òórùn rẹ̀ burú jù nínú wọn, igi ilẹ̀ Éṣíà kan, ń jẹ́ Sterculia foetida títí dòní, foetida náà sì ni "olóòórùn burúkú". Obì kò mọ nǹkan kan nípa òórùn yẹn. Òdòdó rẹ̀ ló jọ ti àwọn igi wọ̀nyẹn ní bí a ṣe tò ó, ni Palisot bá fi í sáàárín wọn.

Ìwé kan náà, ọdún 1753 kan náà, Linnaeus kan náà ló sọ kòkó ní Theobroma. Theos ni òrìṣà lédè Gíríìkì, broma ni oúnjẹ. Oúnjẹ òrìṣà! Mo bi yín: òrìṣà wo ló ń jẹ kòkó ní Iléṣà? Kòkó tí a gbìn nítorí owó, tí a sá, tí a dì sínú àpò, tí a tà fún òyìnbó, òun ló ń jẹ́ oúnjẹ òrìṣà. Obì tí a ń mú dání bá ọ̀pọ̀ òrìṣà sọ̀rọ̀, abẹ́ òrìṣà ajílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó o sí. Mi ò bá Linnaeus jà o. Ní ilẹ̀ Mẹ́síkò tí wọ́n ti mọ kòkó láti ayébáyé, ohun mímọ́ ni wọ́n kà á sí, orúkọ náà sì bá òrìṣà ọ̀hún mu. Àmọ́ òrìṣà ọ̀hún ni. Bí a bá sọ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà pé orúkọ ìwé kòkó túmọ̀ sí oúnjẹ òrìṣà, tí a kò sì sọ ti ta ni òrìṣà náà, irọ́ la fi òótọ́ pa fún un.

Ó di 1832 kí obì tó bọ́ lọ́wọ́ Sterculius. Àwọn méjì kan ní Vienna, olú ìlú Áúsíríà, Heinrich Schott àti Stephan Endlicher, ló yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, tí wọ́n dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, tí wọ́n sì fi orúkọ tí àwọn oníṣòwò ti ń pè é látọjọ́ pípẹ́ sọ ilé náà: Cola. Schott ń tọ́jú ọgbà ọba ní Schönbrunn. Endlicher ní tirẹ̀, ẹni tó ń lépa èdè bíi tiwa yìí ni. Òun náà ló kọ ìwé gírámà èdè Ṣáínà kan ní 1845. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà fún ìyẹn. Wọ́n fi acuminata tí Palisot sọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Gbàǹja náà bá wọn kó wọlé: Ventenat, ará Faransé mìíràn tó ń kọ̀wé lórí ewéko ọgbà Joséphine, ìyàwó Napoleon, ní Malmaison, ti sọ ọ́ ní Sterculia nitida tẹ́lẹ̀, ó wá di Cola nitida.

Ó yá, kí ni acuminata? Látìnì ni, ohun tí orí rẹ̀ ń tín-ín-rín lọ títí tó fi di ṣóńṣó. Ewé ló ń sọ, kò sọ ẹnu obì rárá, nítorí náà "Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó" ti ṣìnà láti ẹnu ọ̀nà. Nitida ni dídán. Àbúrò mi tó dá àbá "Kọ́là Adán", mo mọ̀ pé ohun tó ń dán lo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n o mọ bí àwọn ọmọ wa ṣe ń kọ Yorùbá sórí fóònù láìsí àmì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, obì náà á ti di ti àdán.

Ohun tó burú jù nínú ìtumọ̀ náà kọjá ti àdán. Ẹ já ewé obì àbàtà, ẹ já ewé gbàǹja, ẹ tẹ́ wọn síra. Àwọn méjèèjì ló ní ṣóńṣó lórí! Ewé àbàtà sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti gbàǹja lọ, ṣóńṣó rẹ̀ a sì máa lọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "ẹlẹ́nu-ṣóńṣó" ni ọ̀kan, tó wá jáde lọ sídìí igi láti fi ìyẹn yà wọ́n sọ́tọ̀, òfìfo ló máa bọ̀. Ìyẹn gan-an ni wàhálà tó bá àwọn onímọ̀ fúnra wọn. Jálẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọ̀pọ̀ ìwé wọn ń da àbàtà pọ̀ mọ́ gbàǹja, tí wọ́n ń pe méjèèjì ní acuminata. Ìgbà tí Auguste Chevalier àti Émile Perrot, àwọn ará Faransé, ṣe iṣẹ́ ńlá lórí igi obì, tí wọ́n gbé e jáde ní 1911, ni ọ̀rọ̀ náà tó ń tò.

Ìyá olóbì kò dà wọ́n pọ̀ rí. Bó bá ti bó obì, awẹ́ ló ń wò. Gbàǹja, awẹ́ méjì péré: bí èékánná bá ti bọ́ sáàárín, ó là sí ọgbọọgba, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbàtà, awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́fà, wọ́n ká ara wọn mọ́ra bí ọmọ ìyá, ìlà tó là wọ́n láàárín sì hàn lókè. Èyí tó bá jẹ́ aláwẹ́ mẹ́rin ni a fi ń dá obì níwájú òrìṣà, torí pé ó ní bí awẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe lè dojú délẹ̀ tàbí kó ṣíjú sókè. Ẹ fi gbàǹja awẹ́ méjì síwájú babaláwo ní Òkè Ìtasẹ̀ ká wò ó! Owó ni gbàǹja wà fún. Òkè Ọya ló ń lọ. Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ látọjọ́ tí gbàǹja ti wọlé tọ̀ wá, pẹ̀lú ohun tí ẹnikẹ́ni tó ní ojú àti èékánná lè fi dá wọn mọ̀.

Bí mo ṣe ń yin gbàǹja yìí, mo ní láti sọ èyí fún àwọn tó fẹ́ kí gbogbo orúkọ inú àkójọ wa jẹ́ Yorùbá láìní àbùlà: gbàǹja gan-an, àlejò ni. Àwọn onímọ̀ ìtàn so orúkọ náà pọ̀ mọ́ Gonja, ilẹ̀ kan lápá àríwá Gánà tí òwò obì gbà kọjá láyé àtijọ́. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ apá Èkó àti Agége bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín fún títà, ni igi rẹ̀ tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Igi wá, orúkọ ibi tí òwò rẹ̀ ti ń wá tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìwé ìrìnnà. Obì àbàtà ńkọ́? Bí ẹnìkan bá túmọ̀ rẹ̀ fún àlejò gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹ́ túmọ̀ acuminata yìí, á ní "obì inú irà". Àlejò á wá máa wá igi obì lọ sínú irà, nígbà tí obì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́yìn ilé. Orúkọ kì í ṣe àlàyé, bó ti wù kí ohun tí a gbọ́ nínú rẹ̀ dán tó.

Ọ̀kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò: obì ẹdun, obì igbó tí awọ èso rẹ̀ pupa. Cola millenii ni orúkọ ìwé rẹ̀. Millen ni òyìnbó tó ń tọ́jú ọgbà ewéko ìjọba ní Èkó ní nǹkan bí 1890 sí i. Òun ló kó o ránṣẹ́, Karl Schumann ní Jámánì sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Yorùbá wo igi náà, ó rí ẹni tó ń jẹ èso rẹ̀, ó ní obì ẹdun. Òyìnbó wo igi náà, ó rí ẹni tó já a wá. Mi ò sọ pé ọ̀kan sàn ju èkejì. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe fẹ́ túmọ̀ millenii? "Kọ́là Millen"? Kí ni ọmọ náà fi kún ìmọ̀ rẹ̀?

Ti orógbó tilẹ̀ tún léwu. Garcinia kola ni Édouard Heckel, ará Marseille, sọ ọ́ ní 1883. Garcinia jẹ́ ti Laurent Garcin, onímọ̀ ewéko ọ̀rúndún kejìdínlógún; kola sì dé ibẹ̀ nítorí pé lẹ́nu àwọn oníṣòwò, obì kíkorò ni orógbó. Orógbó kò bá obì tan rárá, agbolé ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn. Bí a bá gba "kó ọlà" láàyè, orógbó náà á di kó ọlà. Bí a bá sì túmọ̀ kola sí obì, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ wa pé orógbó jẹ́ irú obì kan. Kí oníṣàngó kankan má rí ìwé yẹn o, torí gbogbo ayé mọ̀ pé orógbó ni ti Ṣàngó, obì kọ́.

Ẹ ó ní mo ti wó ilé gbogbo ènìyàn, kí ni mo kọ́? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àbá mi ni pé ká fi Látìnì sílẹ̀ bó ṣe wà, lẹ́tà sí lẹ́tà, láìfi àmì ohùn kankan kún un, ká sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìlànà tí wọ́n fi ń sọ orúkọ náà. Ohun tí ọmọ kò mọ̀ nìyẹn. Ohun tí kò jẹ́ kí ìmọ̀ ewéko yé wọn ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ìdí tí orúkọ kan fi ní apá méjì, àti ìdí tí orúkọ èèyàn fi ń tẹ̀ lé e nínú àkámọ́.

Àwọn kan ti ń lo "ìran", "ẹ̀yà" àti "irú" fún àwọn ìpele yìí, ìwé kan á mú ìran ṣáájú, ìwé kejì á mú ẹ̀yà ṣáájú. Ẹ̀yà ti ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́: ẹ̀yà ara, ẹ̀yà èèyàn, ẹ̀yà ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká lo ètò ilé wa. Èyí tí onímọ̀ ewéko ń pè ní Malvaceae, ẹ jẹ́ ká pè é ní agbolé. Èyí tó ń jẹ́ Cola, ìdílé. Èyí tó ń jẹ́ acuminata, àbísọ, torí pé ojúlówó àbísọ ni: lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i ni wọ́n tó fún un, ohun tí ẹni tó sọ ọ́ rí lọ́jọ́ náà ló sì tẹ̀ lé. Palisot rí ṣóńṣó, Ventenat rí dídán, Schumann rí Millen.

Ẹ wo bó ṣe gbé ara wọn. Obì àbàtà ni Cola acuminata (P.Beauv.) Schott & Endl. Ọmọ ìdílé Cola, àbísọ rẹ̀ acuminata. P.Beauv. tó wà nínú àkámọ́ ni baba tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ nígbà tó ṣì wà ní ìdílé Sterculia. Schott àti Endlicher tó wà níta ni àwọn tó mú un wọ ìdílé tó wà báyìí. Ìdílé yí padà, àbísọ bá a lọ. Ọmọ Yorùbá wo ni ìyẹn máa ṣòro fún? Láti ìparí ọ̀rúndún ogún, tí wọ́n ti ń fi DNA yẹ ìbátan ewéko wò, agbolé náà tún fẹ̀ sí i. Obì, kòkó, ilá, òwú, ìṣápá, agbolé Malvaceae ni gbogbo wọn ń gbé. Àràbà náà wà níbẹ̀ (igi ni mo ń wí o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ má tíì dìde). Ọmọ tó bá ti wo òdòdó ilá rí lóko á fẹ́ mọ ohun tó pa ilá àti obì pọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ gidi ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹni tó fẹ́ "Kólà Akumináta", mo gbọ́ yín: ẹ fẹ́ kí ọmọ lè pe orúkọ náà. Kí olùkọ́ pè é sókè fún wọn bó ṣe wù ú. Ẹnu ará Faransé kò pè é bíi ti ará Jámánì, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn jà. Ìkọsílẹ̀ ni kò gbọdọ̀ yẹ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, wọ́n kọ orúkọ sábẹ́ wọn; lẹ́tà mẹ́ta, IFE, ni àwọn onímọ̀ ewéko káàkiri ayé fi mọ ibẹ̀. Ẹ̀ka obì tó bá wà níbẹ̀, orúkọ tó ń jẹ́ ni èyí tó wà ní Párísì ń jẹ́. Ọmọ tó bá tẹ Cola acuminata sórí kọ̀ǹpútà ní Iléṣà máa rí i. Èyí tó bá tẹ Kólà Akumináta kò ní rí nǹkan kan ju ìwé tiwa lọ, bóyá ìkíni olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Kọ́lá pẹ̀lú.

Nítorí náà, báyìí ni mo ṣe fẹ́ kí obì wọ inú àkójọ wa: "Obì àbàtà. Agbolé Malvaceae, ìdílé Cola, àbísọ acuminata. Awẹ́ mẹ́ta sí mẹ́fà." Kí gbàǹja tẹ̀ lé e, àbísọ nitida, awẹ́ méjì. Kí obì ẹdun tẹ̀ lé ìyẹn. Kí orógbó lọ sí agbolé tirẹ̀, ìyẹn Clusiaceae, kí a sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé kì í ṣe obì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín lórí rẹ̀. Ẹ mú òdòdó obì tó jábọ́ sídìí igi, ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ife kékeré kan ni, funfun rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí òrí, etí rẹ̀ là sí márùn-ún, ìlà pupa bí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì sì wà ní ọ̀fun rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ó dà bíi pé ewé òdòdó ni àwọn márùn-ún yẹn. Wọn kì í ṣe é. Obì kò ní ewé òdòdó rárá. Apá òde tó jẹ́ pé aláwọ̀ ewé ni lára ilá, tó ń gbé òdòdó dání, òun ló da aṣọ funfun bora lára obì tó ń ṣe iṣẹ́ ewé òdòdó. Àkójọ wa ti ní "ewé òdòdó", ṣùgbọ́n a kò tíì ní orúkọ fún apá òde yìí. Mo ní kí a pè é ní "ife òdòdó". Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ lóko obì tí ẹ ti ń gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń pè é lẹ́nu iṣẹ́, kó jọ̀ọ́ kó mú un wá kí a tó kúrò lórí obì.

Ewúro ló kàn. Òun náà ti kó kúrò ní ìdílé Vernonia, ó ti wà ní Gymnanthemum báyìí, àbísọ rẹ̀ sì ti pa ìrù dà láti amygdalina di amygdalinum. Kí ẹni tó ti ń dá ìtumọ̀ rẹ̀ dúró ná.